Ọmọ Tá A Fi Ránṣẹ́ Sílé Onílé

Kò sí agboolé kan ní Awo tí ọmọ ẹlòmíràn kò gbé rí. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ọmọ kéwú ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Àfáà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣòwò l'Ékòó wà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Láyé àwọn bàbá wa, tíṣà tí wọ́n bá gbé wá láti ìlú mìíràn kì í dá gbé. Kí ó tó tú ẹrù tán, òbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin á ti fa ọmọ lọ́wọ́ wá bá a pé kí ó bá àwọn wò ó, kí ó máa pọnmi, kí ó máa fọṣọ, kí ìwé lè wọ̀ ọ́ lórí. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá sọ fún ará Awo pé àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń gba ọmọ ọdún 16 sílé fún odidi ọdún kan, tí wọn kò bá a tan, tí wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohun tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé: "Iṣẹ́ wo ló máa máa bá wọn ṣe?"

Èmi kò rí ìbéèrè tó tọ̀nà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ètò yìí ti ṣẹ̀ wá. Ẹgbẹ́ AFS, ọ̀kan lára àwọn tó pẹ́ jù nídìí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1915, nígbà ogun àgbáyé kìíní, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó yọ̀ǹda ara wọn láti máa fi ọkọ̀ gbé sójà tó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n tún ṣe é nígbà ogun kejì. Nígbà tí ìyẹn náà parí, àwọn èèyàn tí ojú wọn ti rí ẹ̀jẹ̀ tó báyìí yí iṣẹ́ padà: láti 1947 ni wọ́n ti ń pààrọ̀ ọmọ ilé ìwé girama láàárín orílẹ̀-èdè, kí ọmọ ilẹ̀ kan lè jẹun nílé ọmọ ilẹ̀ kejì kí ẹnikẹ́ni tó kó ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹwàá 2002, ọdún kan lẹ́yìn ìkọlù tó wó ilé gogoro méjì ní New York, ìjọba Amẹ́ríkà dá èyí tí wọ́n ń pè ní YES sílẹ̀. Sẹ́nétọ̀ Edward Kennedy àti Sẹ́nétọ̀ Richard Lugar, tí ẹgbẹ́ òṣèlú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ni wọ́n fi orúkọ wọn sọ ọ́. Orílẹ̀-èdè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí ni wọ́n dìídì ń wò. Ọmọ Gánà ti lọ, ọmọ Senegal, ọmọ Mali, ọmọ Liberia àti ọmọ Sierra Leone ti lọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà sì ti bá wọn lọ rí. Ìjọba ló ń gbé bùkátà ọkọ̀ òfuurufú. Ìdílé tó gba ọmọ sílé kì í gba owó oṣù fún un.

Tó bá jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí ni wọ́n ń wá, agbègbè wa kò ní gbẹ́yìn. Awo ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́, Ẹdẹ tó wà nítòsí wa sì ti ní ọba tó jẹ́ Mùsùlùmí láyé Tìmì Àbíbù Lágùnjú ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ọba Mùsùlùmí ṣì jẹ́ ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ ká wá rò ó bí ẹni ń wò ó. Ká mú ọmọbìnrin kan, ọmọ SS2, tó ń kírun, ká gbé e láti Awo lọ sí ìlú kékeré kan ní Iowa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú Iowa ni. Ètò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ọmọ lọ sí Houston tàbí Maryland tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa kún bámúbámú. Ìlú tí kò ju Awo lọ, tí gbogbo èèyàn ti mọ ara wọn, ló sábà ń já sí. Oṣù kẹjọ ni yóò débẹ̀, nígbà tí àgbàdo ti ga ju èèyàn lọ. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ń gbin àgbàdo tó Iowa ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ lè sáré fún wákàtí kan kí ó má rí nǹkan mìíràn lọ́tùn-ún lósì. Inú ọmọ Awo á dùn. Ọjọ́ tó bá bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ ni wọ́n á tó ṣàlàyé fún un pé ẹran ọ̀sìn ló ń jẹ apá tó pọ̀ nínú rẹ̀, àti pé ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ń fi púpọ̀ nínú ìyókù ṣe ohun tí wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù. Ẹlẹ́dẹ̀ sì ni olórí àwọn ẹran ọ̀sìn náà. Iowa ló tún ní ẹlẹ́dẹ̀ jù, kò sì sí bí wọn kò ṣe ní din ín mọ́ ẹyin láàárọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kì í pẹ́ yanjú, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Àwọn ohun tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ọmọ yóò jáde ní yàrá, yóò kúnlẹ̀ kí bàbá onílé, bàbá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ kí ó lè bá a wá ohun tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá onílé á ní kí ó máa pe òun lórúkọ. Obìnrin tó tó ìyá rẹ̀ í bí! Ẹnu kò ní gbà á. Nígbà tó bá yá, á fi "Mọ́mì" ṣíwájú orúkọ náà, ìyá á rẹ́rìn-ín, ó sì di bẹ́ẹ̀ títí ọdún á fi parí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, á tún dúpẹ́ oúnjẹ àná. Wọ́n á wo ara wọn lójú, nítorí àná ti dúpẹ́ ara rẹ̀ tán lójú tiwọn.

Ebi á pa á ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe pé oúnjẹ kò sí. Níbí, tí wọ́n bá ní kí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ wá jẹun, á ní òun ti yó. Wọ́n á tún pè é, á ní ẹ ṣé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni yóò tó fọwọ́. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe èèyàn lọ́hùn-ún. Bó bá ti ní rárá, wọ́n gbà pé òótọ́ ló sọ, wọ́n ti palẹ̀ mọ́. Wọ́n ti sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ tó dé pé fìríìjì ń bẹ níbẹ̀, kí ó ṣí i nígbà tó bá wù ú. Ta ló fẹ́ ṣí i? Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé ẹni tó ń ṣí ìkòkò láìjẹ́ pé wọ́n rán an, olè ló ń kọ́, á dúró níwájú fìríìjì lágogo mẹ́wàá òru, á fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, á tún padà lọ sùn. Ìgbà tí ọmọ onílé bá rí i níbẹ̀ tó sì bá a ṣí i, tí àwọn méjèèjì jọ jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì lórí ìdúró, ni mo gbà pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà.

Ilé ìwé kò le tó bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè á wá gbé e kí aago mẹ́jọ tó lù. Kò sí aṣọ ilé ìwé. Ní tiwa, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jókòó sójú kan tí tíṣà ń wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ní tiwọn, tíṣà ló ní yàrá, àwọn ọmọ ló ń sáré kiri pẹ̀lú ìwé láyà, kí wọ́n má baà pẹ́ dé kíláàsì tó kàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí tíṣà bá bi í ní ìbéèrè, á dìde dúró kí ó tó dáhùn, gbogbo kíláàsì á yíjú sí i. Tí tíṣà bá ń bá a sọ̀rọ̀, á dorí kodò, nítorí ọmọ rere kì í wo àgbà lójú ṣàn-án, tíṣà á sì máa rò pé ohun kan wà tó ń fi pamọ́. Iṣẹ́ àṣetiléwá kékeré kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì, àwọn onílé sì lè rí máàkì náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ilé. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa fi oṣù méjì tó kẹ́yìn kàwé bí ẹni tí ogun ń lé kò ní rí àyè ṣe é níbẹ̀.

Irun. Bàbá kì í ronú kàn án, gbogbo ìyá tó bá ń ka èyí sì ti ń ronú rẹ̀ látìgbà tí mo ti dárúkọ Iowa. Onídìrí tó mọ ọwọ́ irun wa lè má sí ní ìlú náà àti ní ìlú mẹ́ta tó yí i ká. Ọmọ tí wọ́n bá kìlọ̀ fún á di kékeré wẹ́wẹ́ kí ó tó gbéra, á sì kó àtàṣímẹ́ǹtì sínú àpótí. Irun náà á pẹ́ tó oṣù méjì, kò lè pẹ́ tó ọdún. Lẹ́yìn náà, á di kí ìyá onílé fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ìlú ńlá tó wà ní wákàtí méjì, kí ó jókòó sórí àga ní ṣọ́ọ̀bù àwọn obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, láìgbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ, láìlóye ìdí tó fi yẹ kí irun orí gba odidi ọjọ́. Bí ẹ bá bi mí níbi tí obìnrin náà ti di ìyá fún ọmọ yìí, ibẹ̀ ni màá nawọ́ sí.

Oṣù Kejìlá ló ń le jù. Ní Awo, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Ní Iowa, oòrùn ti wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù ní oṣù yẹn. Alásàrí àti Màgàríbì á wá sún mọ́ ara wọn débi pé ẹni tó bá rọra wọ bọ́ọ̀sì dé ilé lè pàdánù ọ̀kan. Yìnyín á bo ilẹ̀. Òtútù lè lọ sílẹ̀ kọjá 20 lábẹ́ òdo, ọyẹ́ wa sì dà bí atẹ́gùn fáànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àárò ilé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọmọ. Ó ti ilé ìwé dé lágogo mẹ́rin, ó fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n agogo mọ́kànlá òru ló ti lù ní Awo, fóònù ìyá sì ti kú nítorí pé iná kò wá láti àná. Àwọn tó ń darí irú ètò yìí máa ń gba ọmọ nímọ̀ràn pé kí ó má pe ilé jù, pé ẹni tó bá ń fi gbogbo alẹ́ wà lórí WhatsApp kò tíì kúrò nílé. Òdodo ni, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ìyá tó ń dúró de ìpè láti gbà.

Ohun tó lè tù ú nínú kò jìnnà bí a ṣe rò. Cedar Rapids wà ní Iowa yẹn kan náà, níbi tí àwọn ará Lebanon àti Siria tó wá ṣòwò ti kọ́ mọ́sálááṣí kan ní 1934. Nínú gbogbo ilé tí wọ́n dìídì kọ́ fún mọ́sálááṣí ní Amẹ́ríkà, òun ló pẹ́ jù lára àwọn tó ṣì dúró. Ọmọ Awo lè jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, láàárín àgbàdo.

Ó wá ku ìbéèrè iṣẹ́. Iṣẹ́ wà. Yóò kó àwo sínú ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́, yóò gbé pàǹtí jáde ní ọjọ́ tí wọ́n ń kó o, yóò gbá yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọmọ tí onílé bí nínú ń ṣe é pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí a ń fi ọmọ ránṣẹ́ sí, ọmọ tí wọ́n gbà ló ń jí lágogo márùn-ún, ọmọ onílé ló ń sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. A mọ̀ ọ́n. Àwa tí a gbé ilé tíṣà mọ̀ ọ́n jù. A tún mọ àwọn tí ilé ẹni ẹlẹ́ni sọ di èèyàn, tí wọn ì bá má kàwé rárá, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni bú àṣà náà. Ohun tí kò sí ní tiwa ni ẹni kẹta, tí yóò máa wo àárín ọmọ àti onílé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ ẹni kẹta yìí di òfin. Ẹnikẹ́ni tó ti pé ọdún 18 nínú ilé tó fẹ́ gba ọmọ, wọ́n gbọ́dọ̀ wádìí bóyá ó ti dáràn rí. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá wo ilé náà, kí ó rí ibùsùn tí ọmọ máa sùn lé, kí ó sì rí i pé ti ọmọ nìkan ni. Nígbà tí ọmọ bá dé tán, aṣojú kan tó ń gbé nítòsí gbọ́dọ̀ máa kàn sí i lóṣooṣù, kí ó kàn sí àwọn onílé náà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá wọ̀, wọ́n á gbé ọmọ lọ sí ilé mìíràn, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Nígbà tí a bá fi ọmọ sínú ọkọ̀ Èkó lọ sọ́dọ̀ àǹtí tí a rí kẹ́yìn níbi òkú bàbá àgbà, ta ló lọ wo ibùsùn? Ta ló ń pè é lóṣooṣù láìjẹ́ pé àǹtí ló mú fóònù dání?

Àwọn ọmọ Yorùbá kan ti gbé ilé òyìnbó kí ètò kankan tó wà. Wọ́n kó Àjàyí ní Òṣoògùn ní 1821, ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown, níbi tó ti gbé lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nárì, tó sì ti kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ní 1826, ìdílé míṣọ́nárì kan mú un dání lọ sí Ìlú Ọba. Ó lọ sí ilé ìwé ìjọ kan ní Islington, ní London, fún oṣù díẹ̀, ó padà sí Freetown ní 1827, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay níbẹ̀. Gbogbo wa mọ bí ọ̀rọ̀ Samuel Àjàyí Crowther ṣe parí.

Èyí tí a kì í sábà sọ ni ti ọmọbìnrin. Àwọn ọmọ ogun Dahomey kó o ní Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ní 1848, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún. Ní 1850, Gezo ọba Dahomey fi í ta Ayaba Victoria lọ́rẹ nípasẹ̀ Ọ̀gágun Frederick Forbes, Forbes sì fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sọ ọ́: Sarah Forbes Bonetta. Wọ́n rán an lọ sí ilé ìwé ní Freetown ní 1851 nítorí wọ́n ní ojú ọjọ́ Ìlú Ọba kò bá a lára mu. Ó padà ní 1855, wọ́n sì fi í sí ọ̀dọ̀ ìdílé míṣọ́nárì Schön ní Gillingham, ní Kent. Ibẹ̀ ló ti bàlágà. Ó mọ orin í kọ, ó mọ ìwé, ìyàwó Schön ló sì ń pè ní màmá nínú lẹ́tà tó ń kọ sí i. Òun ní ẹni kẹta o, èyí tí kò sí irú rẹ̀: Ayaba fúnra rẹ̀ ló ń bèèrè àlàáfíà rẹ̀, tó sì ń sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí James Davies, oníṣòwò tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, wá fẹ́ ẹ, tí Sarah sì ní òun kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kó o kúrò nílé màmá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà kan ní Brighton, ilé tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn rárá. Wọ́n ṣègbéyàwó ní Brighton yẹn ní oṣù kẹjọ 1862. Ẹni kẹta tó ń bèèrè tí kì í gbọ́ ìdáhùn, èmi kò mọ ohun tó fi sàn ju kí ó má sí lọ.

Ó yẹ kí n sọ èyí fún àwọn bàbá tó ti ń ṣírò: ètò YES kì í ṣe ọ̀nà jápa. Físà tí ọmọ ń gbà ní òfin nínú. Ó gbọ́dọ̀ padà sílé, kí ó sì lo ọdún méjì nílé kí ó tó lè bèèrè fún físà iṣẹ́ tàbí ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà. Kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ti WAEC, ọdún yẹn kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ á padà wá jókòó ti àwọn tó ti wà lẹ́yìn rẹ̀ ní SS2, á tún forúkọ sílẹ̀ bíi tiwọn, á sì máa gbìyànjú láti má ṣe bi tíṣà ní ìbéèrè jù. Àwọn òbí kan á ní adánù ni. Tó bá jẹ́ ìwé ẹ̀rí nìkan ni wọ́n ń wò, wọn kò parọ́.

Ọ̀nà náà kì í ṣe àlọ nìkan, òyìnbó náà ti wá gbé ọ̀dọ̀ wa rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí i, Susanne Wenger, ọmọ Austria, wá gbé Ẹdẹ, Ajagẹmọ tó jẹ́ àwòrò Ọbàtálá níbẹ̀ sì gbà á mọ́ra, kí ó tó di pé ó lọ fi ìyókù ayé rẹ̀ sí Òṣogbo. Àgbà ni òun. Láti 2009, YES náà ti ń rán ọmọ ilé ìwé girama láti Amẹ́ríkà lọ gbé lọ́dọ̀ ìdílé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Gánà.

Ká ní wọ́n ní kí Awo náà gba ọ̀kan. Omi kò ní jẹ́ ìṣòro, bọrihóò wà. Àmàlà, á kọ́ ọ. Àwọn ọmọ àdúgbò á pè é ní òyìnbó fún oṣù kan, á sú wọn. Fọ́ọ̀mù ló máa dá wa dúró, tí wọ́n bá lo òfin tiwọn: kí á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 18 tó ń gbé inú ilé yìí. Bàbá àgbà wà níbẹ̀, àwọn ìyàwó méjì wà níbẹ̀, àbúrò bàbá tó ń ti Ìbàdàn dé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ tó ń padà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ayálégbé tó wà ní yàrá iwájú, ọmọ ẹ̀kọ́ wẹ́dà mẹ́ta, ìyá kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́ bó ṣe bá ilé náà tan. Aṣojú á bèèrè pé èèyàn mélòó ni gan-an. Olórí ilé á ní kí ó fara balẹ̀ ná, kí àwọn tó lọ kírun dé, kí wọ́n tó kà á.